Ọ̀já Tí Kò Pọn Ọmọ Rí

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ Sátidé ni wọ́n bá òkú Alhaja Simbiat lórí àga nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ní ilé ìtọ́jú ọmọ tó dá sílẹ̀ ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Ọ̀já ìpọnmọ ló yí ọrùn rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta. Agbẹ̀bí ni Alhaja kó tó di pé ó ń gba ọmọ tí kò lẹ́nìkan sílé, tó sì ń fi wọ́n fún àwọn òyìnbó tó ń wá ọmọ gbà tọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní ìyá àwọn ọmọ aláìníyàá. Ẹ má tíì sunkún o. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ tán ná.

Inspẹ́kítọ̀ Fọlákẹ́ Dàwódù ló wá láti tẹ́ṣàn. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti pọn ọmọ mẹ́rin rí, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó tú ọ̀já náà, ó gbé e sí imú. Òórùn káńfọ̀ ló ń jáde lára rẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po ló ti yí àwọ̀ padà nítorí pé ó ti pẹ́ nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò sí àmì ìtọ̀ tàbí ti ọṣẹ lára rẹ̀, okùn etí rẹ̀ sì le bíi tọjọ́ tí wọ́n rà á.

Afeez tó ń ṣọ́ géètì ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.

"Ta ló wá kí Alhaja lónìí?"

"Òyìnbó dúdú kan ni, Màdáámù. Ingrid lorúkọ ẹ̀. Ibí ni wọ́n ti gbé e lọ sí Nọ́wè nígbà tó wà ní ìkókó. Ó kọ́kọ́ wá lánàá, ọjọ́ Jímọ̀, ó ń bèèrè ìyá tó bí i. Alhaja ní ẹ̀gbẹ́ rélùwéè l'Ágége ni wọ́n jù ú sí. Bí ọmọ náà ṣe ń sọ pé Àìná lorúkọ tó wà nínú ìwé òun báyìí, ni ife omi bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Màrdíyyàh alágbàfọ̀, ló bá fọ́. Ìgbà tí ọmọ náà padà wá lónìí, ṣe ló ń pariwo mọ́ Alhaja. Aago méjì ààbọ̀ ló jáde." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Màdáámù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o."

Lọ́yà Olúgbénró, tó máa ń bá Alhaja ṣe ìwé àwọn ọmọ, ti sáré dé láti Àgídìngbì. Òógùn bò ó.

"Kí lẹ tún ń wá kiri? Ẹ ti ọmọ yẹn mọ́lé kó tó wọ bàálù! Etí mi báyìí ló ṣe lórí fóònù Alhaja lọ́sàn-án yìí tó ní òun á jẹ́ kí Alhaja kábàámọ̀."

"Ìwé rẹ̀ dà?"

Ìwé ojú kan péré ni. *Àìná, ọmọbìnrin, ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n rí i lẹ́bàá rélùwéè. A kò mọ ìyá, a kò mọ bàbá.* Inspẹ́kítọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kọ orúkọ yìí?"

"Alhaja fúnra wọn ni. Kí ló burú níbẹ̀?"

Inspẹ́kítọ̀ dìde. Ó ká ìwé náà sápò.

Ní tẹ́ṣàn, Ingrid jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì pé olùkọ́ ni tọkọtaya tó tọ́ òun, wọn ò sì purọ́ fún òun rí. Bàbá òun ló kọ́ irun dídì kí wọ́n má baà máa fi orí òun ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. "Tí ẹ bá tì mí mọ́lé, wọ́n á gbọ́ pé ọmọ wọn wá pààyàn ní Nàìjíríà," ó ní. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Kí ni mo ṣe tí ìyá mi fi jù mí nù?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Inspẹ́kítọ̀ kó àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ nílé náà jọ sí pálọ̀, ó tẹ́ ọ̀já sórí tábìlì. "Ẹ bá mi ká a. Ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Ràbíátù ká a róbótó. Fatimah ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Nígbà tó kan Màrdíyyàh, ojú fèrèsé ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ ọ̀já náà sí mẹ́rin, ojú ìṣẹ́po àtijọ́ gẹ́lẹ́ ló sì tẹ̀ lé.

"Àǹtí Màrdíyyàh," Inspẹ́kítọ̀ ní, "ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ẹyọ kan."

"Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni ò pè yín ní Ìyá Lágbájá?"

Màrdíyyàh ti ọ̀já náà sẹ́yìn lórí tábìlì.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Ìwé ní wọ́n hẹ ọmọ náà ni, wọn ò mọ ìyá rẹ̀. Ìwé kan náà ní Àìná lorúkọ rẹ̀. Ta ló wá rí ìwọ́ lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó ń wáyé? Agbẹ̀bí nìkan ló lè mọ̀. Alhaja láyà láti gbé ọmọ ọlọ́mọ sọdá òkun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á láti gba orúkọ àmútọ̀runwá lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe. Ọmọ náà ní ìyá, Alhaja sì mọ̀ ọ́n. Ta ló sì ń ra ọ̀já, tí á tọ́jú ẹ̀ fún ọdún méjìlélógún láì pọn ẹnikẹ́ni? Ìyá tí wọ́n sọ fún pé ọmọ ti kú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Ingrid dárúkọ Àìná, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ife ti bọ́."

Màrdíyyàh gbé orí sókè. Omijé kankan ò sí lójú rẹ̀.

"Alhaja ní ìwọ́ ló fún ọmọ mi lọ́rùn. Kò jẹ́ kí n rí òkú ẹ̀, ó ní òbí kì í rí sàréè ọmọ. Ó wá gbà mí síṣẹ́, kí n máa fi ọmọ ọlọ́mọ pa ìrònú rẹ́! Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Lánàá, mo bi í. Ó ní, 'Ìwọ tí o ò lọ́kọ, kí lo fẹ́ fi tọ́ ọ? Ó yẹ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.' Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo lọ mú ọ̀já mi wá. Ìwọ́ fún ọmọ mi lọ́rùn, àbí? Mo ní kí òun náà tọ́ ọ wò. Ó dùn mọ́ mi, Màdáámù. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi báyìí."

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ́kọ́ lọ bá ọmọ yín?"

"Ẹ̀san ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Mo rò pé ọmọ á dúró dè mí."

Inspẹ́kítọ̀ fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n mú Ingrid wọlé, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní gẹ̀ẹ́sì. Iwájú orí kan náà ni ìyá àti ọmọ ní. Màrdíyyàh rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ sọ fún un pé mi ò jù ú nù. Ẹ sọ fún un pé mo ti bá a gbẹ̀san."

Inspẹ́kítọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ingrid wo obìnrin náà títí, ó wá sọ gbólóhùn mélòó kan.

"Kí ló wí?" Màrdíyyàh bèèrè. "Màdáámù, kí lọmọ mi wí?"

Inspẹ́kítọ̀ kò fẹ́ sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ṣá.

"Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gba ìyá òun lọ́wọ́ òun. Alhaja gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin náà tún gbà á lánàá."

Ẹ̀rín ojú Màrdíyyàh kú. Ó fẹ́ na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, irin náà kò sì jẹ́.