Bátìrì Mẹ́rin àti Ìwé Harold

Gbàù!

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bàsíà tí wọ́n fi ń fọ àpáàdì sì yí dànù nínú àgbàlá.

"Ẹ dojú bolẹ̀, gbogbo yín. Ẹni tó bá gbórí sókè, màá bá a gbé e dé ọ̀run."

Harold dojú bolẹ̀. Iyanrìn wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, nínú ọyẹ́ oṣù kìíní ọdún 1986, oòrùn ṣì ń ràn. Àwọn olè yìí ò tiẹ̀ dúró kí ilẹ̀ ṣú.

Ilé tí Dókítà Susannah Mọ́ṣádé háyà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n já wọ̀. Yunifásítì ló rán òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá láti walẹ̀ wá nǹkan àtijọ́ létí Erédò, yàrà ńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká.

Olórí olè fi aṣọ ìnujú bo imú. "Rufus ni mo ń jẹ́," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má ṣì mí pè."

Ẹ̀gbà idẹ wà lórí tábìlì. Kò wò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú abọ́. Kò wò ó.

"Ta ni Harold oníkọ̀ǹpútà nínú yín?"

Harold na ọwọ́ kan sókè. "Èmi ni, sà."

"Ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Níbo lẹ̀rọ tó mọ ibi tí wúrà wà?"

Dókítà yí orí lórí ilẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó wo Harold. Wíwò yẹn nìkan ti tó.

Harold mọ ohùn Rufus. Sátidé tó kọjá, nílé ọtí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti mu ìgò méjì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yétúndé jókòó níwájú rẹ̀, ẹnu Harold ò sì dákẹ́.

"Mo kàn máa bi ẹ̀rọ mi léèrè ni," ó ti wí, "á sì sọ ibi tí ìṣúra Ìjẹ̀bú wà fún mi. Èdè Yorùbá ló fi ń dáhùn."

Yétúndé ń wo ojú ọ̀nà. Ọkùnrin kan ní tábìlì kejì ló rẹ́rìn-ín, tó ra ìgò kẹta fún un.

Ti Yorùbá yẹn nìkan ni òótọ́. Oṣù mẹ́rin ni Harold fi kọ ètò tó ń dáhùn náà sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò tóbi ju ìwé ńlá lọ. Ẹ tẹ nọ́ńbà ihò tí ẹ gbẹ́ sí i, ẹ tẹ bó ṣe jìn tó, ẹ tẹ ohun tí ẹ bá níbẹ̀. Bí ẹ bá bi í lọ́la, á kà á fún yín. Ohun tí a kò bá sọ fún un, kò lè mọ̀ ọ́n.

Àwọn olè gbé ẹ̀rọ náà lọ. Fùùùù! Pijó funfun kan gbéra, eruku bo ojúlé.

Dókítà dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára. "Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?"

Kò sí.

"Ọpẹ́ ni. Ẹ̀rọ làsán ni. Ìwé ṣì wà." Ó kọjú sí Harold. "Àbí kò sí?"

"Ó wà, mà."

Irọ́ ni. Láti ọjọ́ kìíní ni Dókítà ti pàṣẹ pé ohunkóhun tó bá tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, kó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Harold ṣe é. Lẹ́yìn náà ló ní kí ni ìwúlò kí èèyàn máa kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti kọ nǹkan kan síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ihò tí a bá sì ti gbẹ́, a kò lè tún un gbẹ́ mọ́. Ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ló kù.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Sájẹ́ǹtì Adébùsọ́lá, tó gbọ́ ìbọn láti àgọ́ ọlọ́pàá tí kò jìnnà, ṣe gbé Landirófà dé, kó tó béèrè ẹni tó lè dá olè mọ̀, Harold ti wà nínú ọkọ̀.

"Ọmọ yìí láyà o," ni Àǹtí Mùtíátù tó ń se oúnjẹ fún wọn wí. Ọ̀rọ̀ náà ta Harold lára bí ata.

Vuuuum! Eruku pupa. Igi kòkó ń sá sẹ́yìn ní ọ̀tún àti òsì.

"O ti lé olè rí?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹná."

"Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ báyìí. Àbí kí n sọ̀kalẹ̀ kí n máa tì í?"

Pijó funfun yọ níwájú. Gbàù! Gbàù! Gíláàsì Landirófà là. Pijó náà ya bìrí sí ọ̀nà oko kan lápá òsì.

Sájẹ́ǹtì pòṣé. "Wọ́n ti bọ́ nìyẹn. Wọ́n máa já sí títì lódì kejì."

"Kò já síbì kankan, sà. Erédò ló wà níwájú, ó sì jìn ju ilé alájà kan lọ. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n bá a. Táyà iwájú Pijó rọ̀ sórí yàrà, ẹ́ńjìnnì ń ké. Awakọ̀ wọn tó ń jẹ́ Àṣírù àti ẹnì kejì rẹ̀ ti káwọ́ sókè. Rufus nìkan ló dúró lẹ́yìn igi, ìbọn lọ́wọ́ kan, kọ̀ǹpútà lábẹ́ abíyá.

"Sájẹ́ǹtì, dúró síbẹ̀," ó ní. "Oníkọ̀ǹpútà, bá ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀. Kó fi wúrà hàn wá, ká pín in fún ọlọ́pàá pàápàá, kálukú ó máa lọ sílé."

Gbogbo wọn yíjú sí Harold. Ojú tì í débi pé ilẹ̀ ló ń wò.

"Kò mọ ibi tí wúrà wà. Irọ́ ni mo pa. Ọmọbìnrin kan ni mo fẹ́ kó gba tèmi."

"Irọ́?" Ìbọn Rufus wálẹ̀ díẹ̀. "Torí obìnrin lo fi jẹ́ kí n wá jalè lọ́sàn-án?"

Díẹ̀ yẹn ni Sájẹ́ǹtì ń wá. Gbàù! Ọta bọ́ síwájú ẹsẹ̀ Rufus, ìbọn tiẹ̀ já bọ́, wọ́n sì gbá a mú.

Harold gba ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fúyẹ́. Ó yí i padà: ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, inú rẹ̀ ṣófo.

"Bátìrì mẹ́rin tó wà níbí ńkọ́?"

Àṣírù fi àgbọ̀n júwe iwájú ọkọ̀. Rédíò kékeré kan wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. "Tiwa ti kú. Ọ̀gá fẹ́ gbọ́ bóyá wọ́n ti dárúkọ òun."

Ètò tí Harold kọ kì í kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá tẹ̀ sí i, bátìrì ló ń gbà á dúró. Harold yọ wọ́n nínú rédíò, ó dá wọn padà. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

IHO WO? ni ẹ̀rọ béèrè, bí Harold ṣe kọ́ ọ.

Ó tẹ ẹẹ́ta, ihò àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ìwé.

KO SI.

Ó tẹ ẹẹ́rin.

KO SI.

Ó bi í dé orí kejìlá, kò rí ìdáhùn míì gbà.

Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín. "Ti ẹnu rẹ, a ó sọ ọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n o lọ gbé e bọ̀. Mú ìwé wá, ká wo ibi tí iṣẹ́ dé."

Harold mú un wá.

Dókítà ṣí i. Ojú ewé kọkàndínlógún ni ìkọ̀wé parí sí. Ó ṣí ogún. Ó ṣí ọ̀kànlélógún. Ó fara balẹ̀ ṣí gbogbo rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn, bí ẹni pé ọ̀kan lè wà níbẹ̀.

Kò pariwo. Ó yọ pẹ́ńsù, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó gbé e síwájú Harold.

"Kọ ohun tó o rántí. Èyí tó ò bá rántí, má fi irọ́ dí i. Kọ ọ́ pé o kò mọ̀."

Ihò kẹta, ìlẹ̀kẹ̀ méje. Bó ṣe jìn tó: n kò mọ̀.

Ihò kẹrin, ẹ̀gbà idẹ. Ẹ̀gbẹ́ wo nínú ihò: n kò mọ̀.

Ó ti kọ "n kò mọ̀" ní ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí Àǹtí Mùtíátù gbé oúnjẹ wọlé. Ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ló bù fún un. Ó ní ti akin ni.

Harold dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra ti àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ kan.