Ta Ló Ń Kó Ẹyin Ẹja Wa?

"Wọ́n tún ti kó o!"

Ṣìmí ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú táńkì onígíláàsì tó wà ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Lásùnwọ̀n, nílùú Ìkòròdú, ó fi imú kan gíláàsì, ó ń wo gbòǹgbò ewé ojúoró tó léfòó sójú omi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó lọ tò fún àdúrà, ẹyin ẹja kún ara gbòǹgbò yẹn bámúbámú, wọ́n ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Aago ìsinmi lù báyìí, kò sí ẹyọ kan mọ́. Ẹja góòlù mẹ́rin tó wà nínú omi ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń ṣí ẹnu, wọ́n ń pa á dé, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn.

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orí Ṣìmí dàrú pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ẹja yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré níléèwé wọn o. Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, olùkọ́ bàọ́lọ́jì, ti forúkọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ìdíje kan tí yóò wáyé ní Ẹ̀pẹ́ níparí táàmù, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣàfihàn ohun ọ̀sìn tó bímọ lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sí ọmọ ẹja, kò sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn méjì ni olùkọ́ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé lọ́wọ́, Ṣìmí àti Hàbíbàt.

Ẹja góòlù kì í fẹ́ omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ooru Ìkòròdú kì í wojú ẹnikẹ́ni. Hàbíbàt ló dá ọgbọ́n sí i. Ìyá rẹ̀ ń ta píọ̀ wọ́tà, wọ́n sì ní fìrísà nílé. Láràárọ̀, á gbé píọ̀ wọ́tà kan tó ti dì gbagidi wá, á jù ú sínú táńkì láìtú ọ̀rá rẹ̀, omi á sì tutù. Tó bá di àkókò ìsinmi, tí yìnyín náà ti yọ́, á yọ ọ́ jáde, á kì í bọ àpò, á tún lọ gbé e sínú fìrísà nílé.

Ohun tí Ṣìmí rí láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ náà, kó tó wọlé, kò ju èyí lọ: ọwọ́ Hàbíbàt wọ inú omi títí dé ìgúnpá, ọ̀rá kan tó ń kán tó-tó-tó sì wọ inú àpò rẹ̀. Kò rí ẹyin kankan.

"Ta ló wọ yàrá yìí láti àárọ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó bèèrè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Gbogbo ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ti pé yí táńkì ká.

"Èmi àti Hàbíbàt nìkan ni, sà," ni Ṣìmí dáhùn. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni àyà rẹ̀ já. Bí kì í bá ṣe Hàbíbàt, òun ni nìyẹn!

Mujeeb, olórí ẹgbẹ́, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. "Sà, ìdí ẹja ni wọ́n bí Hàbíbàt sí. Màmá àgbà ẹ̀ ń ta ẹja l'Ọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, àwọn àbúrò bàbá ẹ̀ ń sìn ín. Ta ni ẹyin ẹja máa wúlò fún tó yẹn? Ṣìmí, sọ̀rọ̀ jàre, ìwọ lo sún mọ́ ọn."

"Ṣìmí, ṣé o rí i?" olùkọ́ bèèrè. "O rí i àbí o ò rí i?"

Ojú ogún ènìyàn wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó sì ṣe ohun tí ẹ̀rù máa ń mú ènìyàn ṣe.

"Mo rí i, sà. Ó fọwọ́ ha ẹyin náà sínú ọ̀rá, ó kì í bọ àpò."

Hàbíbàt ò bú u, kò sì lérí. Ó kàn wò ó. "Ṣìmí, èmi?" Kò sẹ́ni tó yẹ àpò rẹ̀ wò, kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Ìyá náà dé, ó bẹ̀bẹ̀ títí, láì mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo iléèwé ti ń pe Hàbíbàt ní "Olè Ẹyin", àwọn ọmọ JSS 1 pàápàá, àwọn tí kò tíì fojú kan ẹja góòlù rí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ẹja tún yé. Ṣìmí nìkan ló wọlé láàárọ̀, òun nìkan ló tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó máa ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án, gbòǹgbò ojúoró ti mọ́ fínnífínní.

Háà! Ṣìmí jókòó sórí àga. Ó wo òkè àjà bóyá alángbá ni. Ó wo abẹ́ tábìlì bóyá eku ni. Ó tiẹ̀ yẹ àpò ara rẹ̀ wò, ẹ gbà mí o, bí ẹni tó ń fura sí ara rẹ̀! Ta ló wá ń kó o? Bó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni, kí ni òun ti fi ẹnu òun ṣe? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹja yé lọ́jọ́ náà.

Ní Sátidé, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìwó ni ìdílé wọn ti ṣí wá sí Ìkòròdú. Ẹja yíyan tí ìyá rẹ̀ ń rà l'Ọ́jà Olúwo, tó ń tà ní Ìkòròdú, ni wọ́n fi ń san owó ilé. Ọ̀dọ̀ Àlàájà Mùnírátù, ìyá àgbà Hàbíbàt, ló sì ti ń rà á láti ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Ṣìmí ò fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà, ó ní inú ń run òun, ìyá rẹ̀ ní kó run níbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Àlàájà," ni Ṣìmí kí i, ó kúnlẹ̀, kò jẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Ọmọ mi, o ti dàgbà! Jókòó." Ẹja tútù ni Àlàájà ń la nínú, ẹyin sì kún ikùn ẹja náà. Bí ìyá Ṣìmí ṣe lọ wá alábàárù, ọmọ náà ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ìyá, tí ẹja bá yé sínú omi, ta ló máa ń kó ẹyin ẹ̀ lọ?"

Àlàájà bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni ì bá tún kó o bí kò ṣe ẹja tó yé e? Ọ̀pọ̀ ẹja ò mọ ọmọ, ikùn ni wọ́n mọ̀. Létí ọ̀sà níbí, bí a bá rí ẹyin lára gbòǹgbò ojúoró láàárọ̀, tí oòrùn bá fi kan àtàrí, ìyá àti bàbá ẹ̀ á ti jẹ ẹ́ tán."

"Olùkọ́ wa ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa."

"Ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń sìn ni olùkọ́ yín máa mọ̀. Wọ́n á fún ẹyin àrọ̀ sínú abọ́, wọ́n á gbé ìyá ẹ̀ kúrò. Níbo ló ti máa rí i jẹ?" Àlàájà nu ọwọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Hàbíbàt ò wá sọ́dọ̀ mi lópin ọ̀sẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ó jalè. Mo ní ta ló purọ́ mọ́ ọn, ó ní òun ò ní dárúkọ. Ìwọ ni mo mọ̀ ní ọ̀rẹ́ ẹ̀, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, bá mi dúró tì í."

Ó mú ẹja yíyan méjì, ó fi ṣe èènì fún un. Ṣìmí gbà á. Ojú tì í débi pé kò lè dúpẹ́.

Nígbà tí ẹja tún yé, Ṣìmí yọ ojúoró náà kíá, ó gbé e sínú abọ́ omi mìíràn. Kó tó yọ ọ́ tán, ó rí i kòrókòró: ẹja tó pọ́n jù lọ já ẹyin jẹ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ẹja tín-ín-tìn-ìn-tín bí irun ìpéǹpéjú ti lẹ̀ mọ́ ara abọ́.

Inú Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó dùn dé góńgó. Ó pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ. "Ṣìmí, ìwọ lo máa gbé wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́! Sọ fún wa, báwo lo ṣe rí i ṣe?"

Ọ̀rọ̀ dé ibi tó le. Bó bá sọ bó ṣe ṣe é, irọ́ rẹ̀ já. Bó bá fi pamọ́, Hàbíbàt á máa jẹ́ Olè Ẹyin títí wọn yóò fi jáde níwèé mẹ́wàá, òun á sì gba àmì ẹ̀yẹ ní Ẹ̀pẹ́, nílùú Àlàájà. Ọkàn rẹ̀ ń lọ síbìí, ó ń lọ sọ́hùn-ún. Ó tiẹ̀ la ẹnu láti sọ pé orí ló bá òun ṣe é, ṣùgbọ́n òótọ́ ló bọ́ jáde.

"Mo yọ ẹyin kúrò lọ́dọ̀ wọn ni, sà. Àwọn ẹja náà ló ń jẹ ẹ́."

"Hẹn?" ni Mujeeb sọ. "Kí wá ni Hàbíbàt gbé?"

"Kò gbé nǹkan kan. Píọ̀ wọ́tà ẹ̀ ló gbé." Ṣìmí kọjú sí olùkọ́. "Mi ò rí i, sà. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló bà mí."

Olùkọ́ bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ú, ó ń nù ú. "Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ló wí níkẹyìn. "Èmi gan-an ni wọ́n ń pòwe mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ṣìmí dúró níwájú gbogbo iléèwé, ó tún un sọ. Olùkọ́ náà lọ bẹ ìyá Hàbíbàt nílé. Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún Hàbíbàt, òun ló sì gbé ọmọ ẹja lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ipò kejì ni wọ́n gbà. Ṣìmí ò bá wọn lọ, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ fún táàmù náà.

Ó bá Hàbíbàt lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Dìde jàre, mo ti dárí jì ẹ́," ni Hàbíbàt wí. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún bi ẹ́ léèrè nípa mi lọ́la, mi ò mọ ohun tó o máa sọ."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má fi ẹnu yín sọ ohun tí ojú yín kò rí. "Mi ò mọ̀" ì bá tó lọ́jọ́ náà, kò sì ní ná Ṣìmí ní nǹkan kan. Wọ́n ti jọ ń rìn padà sílé báyìí, ṣùgbọ́n Hàbíbàt kì í sọ àṣírí rẹ̀ fún un mọ́.