Ojú Ahunṣọ Lára Ògiri

Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Etí kan ṣoṣo, tí ọ̀dà àwọ̀ sánmà ti kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, lára ọkùnrin kan tó dúró lórí àkàbà, tó kọjú sí ògiri, tó ń súfèé jẹ́jẹ́ bí ẹni pé òun nìkan ló kù láyé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó sì gbàgbé ohun tó wá ṣe.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọlé,” ọkùnrin náà sọ láì bojú wẹ̀yìn. “Òkun tí mo kùn sílẹ̀ yẹn kò tíì gbẹ.”

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. Lóòótọ́, omi òkun ti gba ìsàlẹ̀ ògiri, ó ti ṣàn dé iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rọra bọ́ bàtà.

“Etí yín náà kò tíì gbẹ,” ó fèsì.

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan etí, ó fi ọwọ́ kan náà nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ni òkun bá tún gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìfẹ́ a máa gba ọ̀nà tó bá wù ú wọlé. Ti àwọn méjì yìí, etí ló gbà wọlé.

Àǹtí Onítàn ni àwọn ọmọdé àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá sọ yàrá iwájú ilé rẹ̀ di ibi tí àwọn ọmọ ń kóra jọ sí ní ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni Àǹtí ti ń sọ ìtàn àwọn èèyàn ìgbàanì fún wọn: ọba tí kì í jẹun títí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ á fi yó, oníṣègùn tó wọ́dò nínú òjò nítorí aláìsàn kan, awakọ̀ ojú omi tó padà sínú ìjì lọ gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kì í sọ fún ọmọ kankan pé má purọ́, má ṣojúkòkòrò. Bó bá ti sọ ìtàn tán, á wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, “Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn ni ẹgba rẹ̀, kò ní òmíràn.

Àwọn èèyàn inú ìtàn yìí ni bàbá rẹ̀ ní kí ayàwòrán orí àkàbà yẹn wá kùn sára ògiri. Ṣùgbọ́n ayàwòrán kò lè ya ẹni tí kò mọ̀, ló bá ń jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ lójoojúmọ́, ó ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ jọ, ó ń gbọ́ ìtàn. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Bọ̀dá Ọ̀dà. Bí wọ́n bá ti lọ tán, Àǹtí á ní òun fẹ́ gbálẹ̀. Ilẹ̀ tí ó mọ́ tónítóní ni yóò máa gbá títí oòrùn yóò fi wọ̀.

“Ọba yìí, ṣé ó sanra?” Bọ̀dá Ọ̀dà á béèrè láti òkè.

“Ẹni tó ń jẹun kẹ́yìn, níbo ló ti fẹ́ sanra?”

“Ó dáa. Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín ẹni tí ọ̀dà bá kùn létí?”

“Ọba ọmọlúàbí ni. Ìkọ̀kọ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín.”

Báyìí ni ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Òórùn ọ̀dà tutù, ìró ìgbálẹ̀ àti ti súfèé wọ inú ara wọn, tó jẹ́ pé bí Àǹtí bá dé orí ibùsùn, ó dà bíi pé òkun ara ògiri ṣì ń gbé òun lọ jẹ́jẹ́. “Ẹ” di “o” láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbéèrè ló tú àṣírí. Ó dìde láàárín ìtàn, ó na ìka sí ògiri.

“Àǹtí, kí ló dé tí ọba fi jọ yín?”

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Ojú Àǹtí ló wà lókè irùngbọ̀n ọba. Oníṣègùn ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi tirẹ̀. Awakọ̀ ojú omi la ẹnu, ó sì ní èjí bíi tirẹ̀.

“Ẹṣin ọba náà jọ Àǹtí!” ọmọ mìíràn pariwo, yàrá bá dàrú fún ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bọ̀dá Ọ̀dà sọ̀ kalẹ̀, kò mọ ibi tí ì bá fi ọwọ́ sí. “N kò mọ̀ọ́mọ̀. Bí mo bá ti ń wá ojú èèyàn rere, ibi kan náà ni ọwọ́ mi ń lọ.” Ó gbé ojú sókè. “Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Onítàn.”

“Láti ọjọ́ tí mo ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni mo ti ń dúró dè ọ́,” ni ó fèsì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọdé kì í gbélé. Lọ́jọ́ kejì, bàbá Àǹtí wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó wo ògiri títí. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló tọ́ ọmọ yìí, ọmọ náà kò sì já a ní koro rí. Ó ti pinnu lọ́kàn pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ agbẹjọ́rò ni ọmọ náà yóò fẹ́.

“Kí ló wà láàárín ìwọ àti ọkùnrin tí kò ní ju àkàbà lọ yìí?” ó béèrè. Ọkùnrin náà wà lórí àkàbà ọ̀hún, ó sì ń gbọ́.

Àǹtí wo bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó, ó wo ilẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Òṣìṣẹ́ lásán ni.”

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́, ó sì ti fọ́. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lára ògiri. Nígbà tí bàbá jáde, Bọ̀dá Ọ̀dà fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì wo àwòrán tó kù. Obìnrin ahunṣọ ni, ẹni tó sòótọ́ fún ọba nígbà tí gbogbo ààfin dákẹ́. Aṣọ rẹ̀ ti pé, ọwọ́ rẹ̀ ti pé, ṣùgbọ́n kò ní ojú.

“Àwọn yòókù ni mo rí ojú fún,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Èyí nìkan ni n kò rí.”

Kò wá mọ́. Òkun ara ògiri ti gbẹ, ẹnikẹ́ni lè wọ bàtà kọjá lórí ilẹ̀ báyìí. Àǹtí ń gbálẹ̀, omijé ń kán sí i, ó tún ń gbá a. Bó bá gbójú sókè, obìnrin aláìlójú yẹn ló ń rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìtàn ahunṣọ kàn. Ìtàn tí bàbá Àǹtí fẹ́ràn jù ni, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un ní kékeré, nítorí náà ó wá jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn. Àǹtí bẹ̀rẹ̀: ọba fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn opó, gbogbo ìjòyè ní ó dára bẹ́ẹ̀, ahunṣọ kan sì dìde. Bó ti ń sọ ọ́ ni ó rí Bọ̀dá Ọ̀dà lẹ́nu ọ̀nà. Àkàbà rẹ̀ ló wá gbé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá ìtàn dúró, ó bọ́ bàtà, ó dúró jẹ́jẹ́.

“Àǹtí, ṣé kò bẹ̀rù ni?” Ìyá Ìbéèrè ní.

“Akọni kì í bẹ̀rù,” bàbá dáhùn láti ẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí náà ti máa ń dáhùn tẹ́lẹ̀. Lónìí, ó mi orí. “Ó bẹ̀rù. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fẹ́ràn ọba yẹn, kò fẹ́ bà á nínú jẹ́.” Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?”

“Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́, Àǹtí?” Ìyá Ìbéèrè bi í padà.

Àǹtí gba àárín àwọn ọmọ kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú àga bàbá rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n lórí sìmẹ́ǹtì.

“Èmi ti wà níbẹ̀ rí, mo sì dákẹ́. Bàbá, mo purọ́ fún yín. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ lásán. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n má fẹ́ ẹ, n kò ní bá a sá lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ ẹlòmíràn, n kò sì ní pè é ní lásán mọ́ láéláé.”

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ṣì ń nù ún. “Ta ló kọ́ ọ ní ìtàn yìí?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Èmi ni. Mo fẹ́ kí o lè sòótọ́ lójú ẹnikẹ́ni.” Ohùn rẹ̀ rọ̀. “N kò mọ̀ pé èmi ni ọba inú rẹ̀.”

“Bàbá àgbà,” Ìyá Ìbéèrè ní, “kí ni ọba wá ṣe?”

“Ọba dìde lórí ìtẹ́,” bàbá sọ, ó sì dìde. Ó fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ lọ dé ẹnu ọ̀nà. “Ìwọ Ọ̀dà, ibo lo fẹ́ gbé àkàbà lọ? Iṣẹ́ mi kò tíì parí.”

Bọ̀dá Ọ̀dà kò ní kí wọ́n tún un sọ. Ó gun òkè, ó po ọ̀dà, ó ní kí Àǹtí dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. “Má nu ojú rẹ. Bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ.” Àwọn ọmọ jókòó, wọn kò mira. Díẹ̀díẹ̀, ojú ahunṣọ yọ lára ògiri: omi wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò wolẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́.

Ọkùnrin náà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó yíjú sí i. “Onítàn, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ní kí o wá di aya òun ńkọ́?”

“Ẹni yẹn á kọ́kọ́ lọ nu etí rẹ̀.”

Ó fọwọ́ kan etí. Òkun tún ti dé ibẹ̀. Ẹ̀rín gba yàrá, bàbá pàápàá ń rín, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbéèrè kò rín.

“Àǹtí, ẹ kò tíì dá Bọ̀dá lóhùn o. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Àǹtí Onítàn wo bàbá rẹ̀, ó wo ahunṣọ, ó sì wo ọkùnrin orí àkàbà.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó wí, ó sì sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́.