Igi Ìtẹ̀sẹ̀ Kẹrin

Káfíńtà ń fa rándà lórí pákó pósí, òógùn ń kán tótó sórí igi. Ọ̀fẹ́ ló ń kan pósí fún àwọn aláìní àdúgbò. Ìkejìlá nìyí láàárín ọdún méje. Baba Aláàánú ni wọ́n ń pè é.

Bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ á gbọ́ ìró kan: igi tó ṣẹ́.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, ó kan àkàbà fún akunlé kan. Kòkòrò ti jẹ igi ìtẹ̀sẹ̀ kẹrin, ó sì rí i. Ó po ìyẹ̀fun pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí ihò náà, ó fi sáńpépà họ ọ́, ó kùn ún. Ó ń dán. Akunlé gùn ún, igi ṣẹ́, ọkùnrin náà kò dìde mọ́. Kò sẹ́ni tó bi káfíńtà léèrè ohunkóhun.

Lónìí, opó akunlé náà ránṣẹ́ sí i: ìyá ọkọ òun kú, kí Baba Aláàánú jọ̀ọ́ ṣàánú àwọn.

Onípákó tó máa ń ta igi fún un wọlé. "Àbúrò, rọra o! Ṣé igi yìí ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Káfíńtà sọ rándà kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo pa ọmọ òkú yìí." Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀. "Mo rò pé pósí wọ̀nyí á jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀."

Onípákó fọwọ́ lé pósí náà. "Ìyẹ̀fun àti gọ́ọ̀mù náà lo tún ń pò. Ó ń dán lójú èèyàn. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ dé iwájú Ọlọ́run, ṣé á gbà ọ́ dúró?"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ìwọ kẹ̀? Jésù ti kú fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lórí àgbélébùú, ó ti ṣe é tán. Gbé igi jíjẹrà yẹn fún un bó ṣe wà. Má kùn ún."

Káfíńtà kúnlẹ̀ sínú èérún pákó. "Jésù, apànìyàn ni mí. Mi ò ní ohun tí mo lè fi bò ó mọ́. Gbà mí."

Ìró náà tún dún létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sá fún un.

Ó kan ìṣó tó kù. Àwọn méjèèjì gbé pósí sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù.

"Mo máa sọ fún opó náà."

"Wọ́n lè fà ọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ o."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe kí Jésù lè gbà mí ni mo ṣe ń lọ. Ó ti gbà mí."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, kí ni o fi dí ihò tìrẹ? Àwẹ̀ ni? Ìtọrẹ ni? Àbí orúkọ rere? O mọ ibi tí kòkòrò ti jẹ. Ronú pìwà dà lónìí, kí o tó gbé ẹsẹ̀ lé e.

Káfíńtà ti ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti ń lọ. Ìwọ ńkọ́?