Ìgò Tó Tutù

Omi tó ń jáde lẹ́nu páìpù pọ́n díẹ̀. Ọmọbìnrin kan bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó, ó tún un wò.

Nídìí fèrèsé yìí ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣọ́ omi aró tí ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ń dà sódò, títí ọlọ́jọ́ fi dé; ọmọ náà ló ń ṣọ́ ọ báyìí. Nígbà ayé bàbá rẹ̀, yanrìn ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ tuntun ti dé báyìí, ihò asẹ́ inú rẹ̀ kéré débi pé ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n bí asẹ́ bá dí, ẹni tó ń ṣọ́ omi gbọ́dọ̀ ti páìpù odò pa, kó sì fọ̀ ọ́. Wákàtí kan gbáko.

"Ṣé o ò ní wá ni?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè láti ẹnu géètì. "Ayàwòrán ti dé! Bí o bá pẹ́, àga la máa gbé síbi tó yẹ kó o dúró!"

Àwòrán ìkẹyìn kíláàsì àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni. Ó da omi pupa náà nù, ó sì rọ omi mímu kún ìgò.

Ọ̀gá wọn, Bàbá Oníbọ̀wọ́, tí wọ́n máa ń sọ pé ìbọ̀wọ́ ló ń wọ̀ sùn, gba ìgò náà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó gbé ìgò lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ọmọ mi, omi yìí mọ́ o. Kí ló dé tó tutù?"

Inú omi gbígbóná ni wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Omi wọn kì í tutù kó tó jáde. Ọmọbìnrin náà rántí ìrọ̀lẹ́ ìgbà èwe rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ máa ń fi ìgò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: "Ṣé o rí i bó ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́? Iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyẹn."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Omi mímu ni. Tiwa pọ́n."

"Bàbá rẹ ló kọ́ mi ní ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí," ni Bàbá Oníbọ̀wọ́ sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Yáa lọ ti páìpù odò pa."

Ó ti pẹ́ jù. Nísàlẹ̀ odò, alágbàfọ̀ kan na aṣọ ìbùsùn funfun tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sókè. "Ta ló ṣe èyí fún mi o?"

"Èmi ni, mà," ni ọmọbìnrin náà, tó ti sáré débẹ̀, wí.

Ó fọ asẹ́, ó bá obìnrin náà tún aṣọ rẹ̀ fọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àga ló wà níbi tirẹ̀ nínú àwòrán kíláàsì wọn títí dòní. Bó bá ti rí i, ó máa ń rántí pé iṣẹ́ tí òun fi irọ́ parí lọ́jọ́ náà kò parí rárá. Orí ẹlòmíràn ni òun gbé e lé. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ kí omi kan jáde láìgbé ìgò rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọwọ́ bàbá rẹ̀.