Dóńgóyárò Ṣakí ní Ilẹ̀ Douala

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òjò ti ń rọ̀ láìdá. Ẹni tó bá mọ Douala ní Cameroon kì í bá òjò ibẹ̀ jà; láti oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án, òjò ló ni ìlú. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn nínú oṣù kẹjọ, Alhaji Mùhúdíìnì jókòó ní pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Bonamoussadi, ó ń fi beignet, ìyẹn puff-puff wọn, jẹ ẹ̀wà. Bó bá jẹun tán, yóò gun bensikin, ìyẹn ọ̀kadà wọn níbẹ̀, lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní New Bell, níbi tó ti ń ta ìkòkò àti àwo. Àsàmáù ìyàwó rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàráńdà.

"Bàbá Sakinah, ẹ wá wo nǹkan. Igi yìí tún ti tẹ̀ sí ọ̀nà ọgbà ju ti àná lọ."

"Igi tí mo ti so mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá, ibo ló tún fẹ́ sá lọ?"

"Òpó fàráńdà lẹ so ó mọ́, ẹ ò so ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e."

Alhaji rẹ́rìn-ín, ó nu ẹnu, ó wọ bàtà. Ní fàráńdà, Sakinah ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, jókòó sórí ẹní, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sínú okùn. Ilé ìwé ti gba ọlidé, òjò kò sì jẹ́ kó ráyè jáde. "Bonne journée, Papa," ni ọmọ náà wí. "Ó dàbọ̀, ìyá mi," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì wọ inú òjò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí igi náà ṣe dé ibẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé aláìgbọ́n ni ọkùnrin yìí. Ọmọ Ṣakí ni Alhaji. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Àsàmáù fi wá ọmọ ní Douala kí Ọlọ́run tó fi Sakinah ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ náà já, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba bàbá rẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ ibòmíì lè gbàgbé ilé. Nílé bàbá tirẹ̀ ní Ṣakí, ìdí dóńgóyárò ni wọ́n sin ìwọ́ gbogbo wọn sí. Ó di ìwọ́ ọmọ sínú òwú, ó fi í pamọ́, ó wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí, ó hú ọmọ igi kan lábẹ́ dóńgóyárò náà, ó gbìn ín sínú agolo mílíìkì, ó sì gbé e lé itan láti Ṣakí títí tó fi gba Ìkọm wọ Cameroon. Ní bodè, ó fi fìlà bo agolo náà kí àwọn aṣọ́bodè má bàa gbà á.

Ó sin ìwọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ fàráńdà, kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ògiri, ó sì gbin igi lé e. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń gbọ́ràn ló ti ń sọ fún un pé, "Igi yìí ni ìwọ. Bó bá ń yè, ìwọ náà ń yè." Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlá wá ọmọ, bó bá pe igi ní ọmọ, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Alhaji kò fẹ́ ríran.

Oṣù kan kí Sátidé yẹn tó dé, Àsàmáù rí olú funfun tó hù yí ìdí igi ká, ó sì rí i pé ilẹ̀ ń wú sókè lápá kan. Ó lọ pe André, ọkùnrin tó ń ta irúgbìn igi lẹ́bàá títì, pé kó wá wò ó. André fi àdá gbẹ́ ihò kékeré nídìí igi. Kò tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tí omi fi kún inú rẹ̀, òórùn ohun tó jẹrà sì ta wọ́n nímú.

"Alhaji, dis stick don rotten for ground," ló wí.

"Irọ́ ni!" Alhaji na ìka sókè. "Wo ewé rẹ̀ bó ṣe tutù. Igi tó ti jẹrà ló máa ga ju òrùlé lọ?"

André kò bínú. Ó fi pidgin ṣàlàyé fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. "Òjò ló mú orí rẹ̀ dàgbà, bàbá. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Gbòǹgbò igi ń mí bí èèyàn. Nílùú yín, òjò á dá, ilẹ̀ á gbẹ, gbòǹgbò dóńgóyárò á wá omi lọ sísàlẹ̀, á sì di ilẹ̀ mú. Níbí, omi ló wà nísàlẹ̀. Gbòǹgbò tó bá lọ síbẹ̀, á rì, á jẹrà. Èyí tó kù kàn tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní ni. Bí ìjì bá dé, kò ní rí nǹkan dì mú."

"Ṣebí ilẹ̀ olóoru kan náà ni Ṣakí àti Douala? Yìnyín ò kúkú ń bọ́ níbí."

"Àwọn òyìnbó ló ń fi òtútù pín ilẹ̀ wọn sí ẹkùn, torí òtútù ló ń pa igi wọn. Níbí, omi ni. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé igi tí mo fẹ́ gbìn lè fi ẹsẹ̀ sínú omi fún oṣù mẹ́rin? Prunier tó ń so sáfù, èso tí a fi ń jẹ àgbàdo sísun, máa ń ṣe dáadáa níbí. Ọ̀pẹ náà ń ṣe dáadáa. Kódà àgbálùmọ̀ yín á ṣe dáadáa, bí ẹ bá kó ilẹ̀ jọ ga kí ẹ tó gbìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbin igi ńlá kankan mọ́ ilé. Bí igi bá máa ga tó lọ́jọ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ náà ni kó jìnnà sí ilé tó."

"Kí ni kí a wá ṣe sí èyí?" Àsàmáù ló béèrè.

"Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n gé, kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè wálẹ̀."

"Ṣé kí n fi ayùn gé ọmọ mi ni?" Alhaji pariwo. Lọ́jọ́ kejì, ó ra okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn, ó so igi náà mọ́ òpó irin fàráńdà. Nígbà tí André ń kọjá lọ tó rí i, ó mi orí. "Bàbá, igi yẹn wúwo ju ilé lọ. Òun ló máa fa òpó, òpó ò lè fà á."

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù ní Sátidé náà nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀. Àsàmáù wà ní kíṣìnnì. Ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya, ilẹ̀ sì mì tìtì. Igi náà ṣubú síhà ọgbà, gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ ká kúrò nílẹ̀. Ká ní kò sí okùn ni, ọgbà nìkan ni ì bá wó. Ṣùgbọ́n okùn fa òpó yọ, òrùlé fàráńdà, tòun ti páànù àti pákó, sì wó lé Sakinah lórí níbi tó jókòó sí.

Àwọn aládùúgbò sáré wá, André wà lára wọn. Àwọn ni wọ́n gbé pákó kúrò lára ọmọ náà, tí wọ́n sì gbé e sínú takisí lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí Alhaji fi máa dé láti New Bell, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Egungun itan òsì ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì. Dókítà ní yóò yè, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Sakinah la ojú. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Papa, mon arbre ńkọ́? Wọ́n ti gé igi mi?"

Àsàmáù ló dáhùn: "Ó wó, ọmọ mi."

Ojú ọmọ náà yí padà. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. "Donc, èmi náà máa kú?"

Ìgbà náà ni ọkùnrin náà mọ ohun tó ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Rárá o, ìyá mi. O ò ní kú. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Igi ni igi, ọmọ ni ọmọ. Mo kàn fẹ́ kí o rántí Ṣakí ni."

"Tu jures?"

"Wallahi, mo búra."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Sakinah, o sọ fún mi."

"Mo sọ fún yín," ni Àsàmáù wí. Kò dá a láre, kò sì bú u. Ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí ọmọ rẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, Alhaji dìde láàárín àwọn Yorùbá ará ilé tí wọ́n jọ ń kírun, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó bi wọ́n pé ta ló gbin igi tó mú láti ilé wá mọ́ ògiri bíi tòun. Ojú ń tì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin nawọ́. Òun àti André ni wọ́n jọ lọ sílé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti yẹ igi náà wò.

Ìwọ tó ń kà á yìí, bóyá Douala lo wà, bóyá ibòmíì ni, bí ìlú tó o ti wá bá dùn lọ́kàn rẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n bi ilẹ̀ tó o wà léèrè kó o tó gbin igi. Gbẹ́ ihò dé orúnkún nígbà òjò, kó o wò ó bóyá omi máa kún un. Bi àwọn àgbà àdúgbò pé igi wo ló ti pẹ́ níbẹ̀ tí ìjì kò wó. Má fi fìlà bo irúgbìn kọjá bodè. Àrùn tí ojú kò rí lè wà lára rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá sì ti di pé o rí olú nídìí igi tó wà nítòsí ilé, tàbí ilẹ̀ tó wú, tàbí igi tó ń tẹ̀, má so ó mọ́ ohunkóhun. Kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí rẹ̀, kó o sì pe ẹni tó máa gé e lọ́jọ́ náà gan-an. Oṣù kan gbáko ni Alhaji Mùhúdíìnì fi láǹfààní láti gé tirẹ̀, kò gé e.