Páìpù tí Mofẹ́olúwa Fi Sí Mọ́tò Bàbá Rẹ̀

"Dá a padà sẹ́yìn díẹ̀," Mofẹ́olúwa wí. "Ibi tó ti ki páìpù bọ ẹnu ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo fẹ́ tún wò."

Gbọ́lá, ọmọ kíláàsì rẹ̀, fi ìka tọ́ fóònù rẹ̀, fídíò mẹ́káníìkì kan tí wọ́n ń wò sì padà sẹ́yìn. Ọ̀sán Sátidé ni. Bàbá Mofẹ́olúwa, tí gbogbo ará Ihunbo ń pè ní Tíṣà, ti bá ọkọ̀ ìjọ lọ sí ìpàdé kan ní Ìlaròó. Ìyá rẹ̀ wà lóko ẹ̀gẹ́. Mọ́tò Kòrólà Tíṣà nìkan ló dúró sí ẹ̀yìnkùlé, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọmọ méjì sì tẹ̀ bò ó.

Láti oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba ti ti bodè. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, àṣẹ tún jáde pé wọn kò gbọdọ̀ gbé epo wá sí àwọn ilé epo tó súnmọ́ bodè, kí àwọn onífàyàwọ́ má baà rí i gbé kọjá. Ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́ àti ẹni tí kò ṣe é rí, gbogbo wọn ló jọ jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni Tíṣà ń lọ kó tó rí epo rà, yóò sì ti jó nínú rẹ̀ kó tó délé.

Ìdí nìyí tí Mofẹ́olúwa fi sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ ran bàbá òun lọ́wọ́. Ọdún kejì ló wà ní ìpele àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí ẹni tó ń gbapò kìíní mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù ki ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń rí afẹ́fẹ́ tútù fà, agbára rẹ̀ á pọ̀ sí i, bóyá epo á sì dín kù. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ọ̀rọ̀ tí Gbọ́lá sọ ní kíláàsì ló gún un débẹ̀. "Orí ìwé ni ẹ̀yin obìnrin ti mọ̀ ọ́n," Gbọ́lá ti wí. "Súpánà kì í ṣe báírò."

Ó tú àpótí oníke tí fítà wà nínú rẹ̀, ìyẹn asẹ́ tó ń gba eruku lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ó mú páìpù omi tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó gé e, ó fi iná tẹ̀ ẹ́, ó sì nà án láti ẹnu ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹ̀yìn bọ́ńpà iwájú, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Fóòmù ìrọ̀rí àtijọ́ ló fi dí ẹnu páìpù náà, ó sì fi rọ́bà dè é.

"Ṣé fóòmù yìí á lè gba eruku bí fítà ṣe ń gbà á?" Gbọ́lá béèrè.

"Ìwọ ṣáà máa wò ó."

Nígbà tí ó ṣáná sí mọ́tò, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó bú wúwo, ó kún. Gbọ́lá pàtẹ́wọ́, ó ní òun kò ní bá obìnrin jiyàn súpánà mọ́. Inú Mofẹ́olúwa dùn débi pé ó gbàgbé láti bi ara rẹ̀ pé mọ́tò ta ni.

"Ṣé o máa sọ fún Tíṣà?"

"Tí òun fúnra rẹ̀ bá rí i pé epo ò tètè tán mọ́, nígbà náà ni n ó sọ."

Tíṣà kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mofẹ́olúwa ló fi ọ̀rọ̀ omi àti ọ́ìlì lé lọ́wọ́, nítorí ó fọkàn tán an. Nígbà tó gbọ́ ohùn tuntun náà ní ọjọ́ Ajé, ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ Bàrúwà rèé," ó wí. Bàrúwà ni mẹ́káníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì náà tó sì pààrọ̀ rìǹgì rẹ̀, irin tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jó, ní oṣù kan sẹ́yìn. Mofẹ́olúwa jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Ojú ọ̀nà Ìpókíá tí Tíṣà ń gbà lọ sí ilé-ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ di kìkì eruku pupa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Mofẹ́olúwa yẹ ọ́ìlì wò, ó rí i pé ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹnu páìpù. Ìdajì fóòmù ti ya lọ. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó tú páìpù náà dànù lójú ẹsẹ̀, kó sì lọ jẹ́wọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gé fóòmù mìíràn, ó dè é síbẹ̀, ó sì bu ọ́ìlì kún ọ́ìlì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí mọ́tò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín búlúù. Ọjọ́ tó dákẹ́ pátápátá, ìwé ìbéèrè ìdánwò ìparí sáà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jókòó títí di ọ̀sán kí Tíṣà tó fẹsẹ̀ rìn dé pẹ̀lú ẹrù ìwé lórí. Wọ́n fi okùn fa mọ́tò náà wálé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Tíṣà ṣe wọlé lọ wẹ̀, Mofẹ́olúwa sáré tú páìpù náà. Ó dá àpótí àti fítà padà sí àyè wọn, ó sì ju páìpù sínú igbó ẹ̀yìn ilé. Súpánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàrúwà dé, ó ṣí àpótí, ó wo fítà. Ó ki ìka bọ ẹnu ẹ́ńjìnnì, ìka náà sì jáde ní pupa, pẹ̀lú ègé fóòmù kékeré kan. Ó tún wo fítà tó mọ́ tónítóní náà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wo Mofẹ́olúwa. Mofẹ́olúwa tẹrí ba.

"Kí lo rí?" Tíṣà béèrè.

"Eruku ni, Tíṣà. Ẹ́ńjìnnì ti jẹ eruku."

"Níbo ni eruku gbà wọlé nígbà tí fítà wà níbẹ̀? Rìǹgì àlòkù lo fi sí i fún mi, Bàrúwà. Oṣù méjì péré."

Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Bàrúwà fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì wé ègé fóòmù náà sínú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Tíṣà," ó wí. "Ọlọ́run mọ̀ pé tuntun ni mo fi sí i." Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ní Ihunbo, ohun tí Tíṣà bá sọ, àwọn èèyàn á fi búra. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni tó fẹ́ tún mọ́tò ṣe ti ń gbé e lọ sí Ìlaròó.

Mẹ̀dínátù, ọmọ Bàrúwà, ni ó máa ń bá Mofẹ́olúwa jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́bọ̀, ó yíjú sí i. "Ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá mi ba mọ́tò yín jẹ́?"

"Mi ò mọ̀," Mofẹ́olúwa dáhùn.

"Ìwọ lo máa ń yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò láràárọ̀. O ò rí nǹkan kan?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

Mẹ̀dínátù ṣí ìwé rẹ̀. "Lọ́jọ́ Ajé, bàbá mi ń lọ sí Ibese, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ó ní kò sí ẹni tó ń gbé mọ́tò wá fún òun mọ́ níbí."

Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé Mofẹ́olúwa mì. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ jáde, ó sọ ọ́ fún Gbọ́lá. "Dákẹ́ ẹnu rẹ," Gbọ́lá wí. "Mọ́tò ti bàjẹ́. Sísọ ọ́ ò lè tún un ṣe." Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Nírọ̀lẹ́, ó fi oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ bù fún un sílẹ̀.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Tíṣà, ẹni tó ń máàkì ìdánwò. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fídíò dé orí páìpù inú igbó. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ nà mí, Bàbá," ó wí.

"Bí mo bá nà ọ́, ara á tù ọ́." Ohùn Tíṣà lọ sílẹ̀. "Ìwọ ni mo fi mọ́tò yẹn lé lọ́wọ́, Mofẹ́. O sì dúró, o wò mí títí mo fi bú ẹni tí kò ṣẹ̀ mí."

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn méjèèjì lọ sí ibi iṣẹ́ Bàrúwà. Tíṣà ti pe àwọn aládùúgbò tó gbọ́ èébú lọ́jọ́sí pé kí wọ́n wá gbọ́ èyí náà. Mofẹ́olúwa jẹ́wọ́ lójú wọn. Ohun tó dùn ún jù ni èyí tó tẹ̀lé e. Bàbá rẹ̀, tó fi ọdún mẹ́wàá ju Bàrúwà lọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "Bàrúwà, mo ṣẹ̀ ọ́."

Bàrúwà sáré gbé e dìde. "Ẹ dákun, Tíṣà. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, sà?" Mofẹ́olúwa béèrè nínú ẹkún.

"Ọ̀rọ̀ ọmọ Tíṣà àti ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì, ti ta ni wọn ìbá gbà gbọ́? Mo ní kí n dúró wò bóyá ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́."

Mẹ̀dínátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo Mofẹ́olúwa, ó yí padà, ó wọlé.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Tíṣà lọ láti ojúlé dé ojúlé láti wẹ orúkọ Bàrúwà mọ́, síbẹ̀ àwọn kan kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bàrúwà lọ sí Ibese ní ọjọ́ Ajé náà bó ti wí, ó sì lo oṣù méjì níbẹ̀ kó tó padà wálé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ni Mẹ̀dínátù ń jókòó sí. Ọ̀kadà ni Tíṣà ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́, eruku a sì bo aṣọ funfun rẹ̀. Mofẹ́olúwa ló ń fọ aṣọ náà, kò sì sí ìgbà tí omi rẹ̀ pọ́n tí ojú kì í tì í.

Nígbà tí Bàrúwà dé, Mofẹ́olúwa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa wá kọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Bàrúwà ronú díẹ̀. "Orí rẹ pé fún iṣẹ́ yìí," ó wí. "Òótọ́ sísọ ló kù kí o kọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí o, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣàṣìṣe. Ká ní Mofẹ́olúwa ti jẹ́wọ́ ní ọjọ́ tí fóòmù kọ́kọ́ ya, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí ju ọ̀rọ̀ mọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì ba orúkọ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ṣeé rà lọ́jà. Ta ló ti rí ọjà tí wọ́n ti ń ta orúkọ rere?